Ẹ̀gbọ́n Tí Wọ́n Gbé Sẹ́nu Ìlẹ̀kùn

Ọkùnrin kan wà tí òrùlé ilé baba rẹ̀ ń jò lé e lórí. Ó pe ìpàdé ẹbí. Àwọn tó pésẹ̀ nìyí: òun fúnra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àbúrò rẹ̀ olùkọ́, àti opó àbúrò baba wọn, ìyá àgbà tí ìpàdé tí kò lóúnjẹ kì í yé. Àwọn méjì wà nínú fóònù, lórí ìpè tó ń gbé àwòrán: ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, àkọ́bí, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, àti àbíkẹ́yìn wọn, káfíńtà tó wà ní Ìlọrin.

Ìyàwó ilé ló ni fóònù náà. Nítorí náà, ibi tí ìyàwó ilé ń jókòó sí ni wọ́n gbé e sí, lórí àpótí lẹ́nu ìlẹ̀kùn, kó má bàa ga ju àwọn àgbà lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ewúrẹ́ ń gbà wọlé.

Ìpàdé dùn. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fẹnu kò pé kí káfíńtà wá tún òrùlé ṣe kí òjò mìíràn tó dé.

"Ẹ̀yin ará inú fóònù, ṣé ẹ fara mọ́ ọn?"

Fóònù dákẹ́.

Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. "Ẹni tó dákẹ́ ti gbà nìyẹn."

Òjò dé, káfíńtà kò dé. Omi lé ọkùnrin náà kúrò lórí ibùsùn wọ abẹ́ tábìlì. Ó fi ìbínú pe Lọ́ńdọ̀nù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ gbọ́ nígbà tí a fẹnu kò!"

"Kí ni mo gbọ́? Èmi àkọ́bí baba wa, ẹ gbé mi sẹ́nu ìlẹ̀kùn! Ẹsẹ̀ yín ni mò ń wò. Ewúrẹ́ nìkan ló kí mi! Mo bá pa fóònù mi. Àbíkẹ́yìn náà sì pa tirẹ̀."

Ọkùnrin náà pe ìpàdé mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, àga baba wọn ló gbé fóònù sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yàrá sọ̀rọ̀ kí àwọn ará ọ̀nà jíjìn tó sọ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó ní kí àbíkẹ́yìn máa lọ tún òrùlé náà ṣe.

Káfíńtà ní, "Mo ti di irinṣẹ́ mi. Kí ìyàwó yín ṣáà se mọ́ínmọ́ín tèmi. Etí lásán ni mo fi jẹ tìjọ́sí."

Mobọ́láńlé, ọmọ ọmọ mi, ìwọ lo ń ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ tí apá kan wọn wà ní ọ́fíìsì, tí apá kan ń ti ilé ṣiṣẹ́. Má ka ìdákẹ́ sí ìfọwọ́sí; ìbínú lè wà nínú rẹ̀. Ní ìpàdé ọ̀la, àwọn tó wà lókèèrè ni kí o kọ́kọ́ bi léèrè, kí o sì ní sùúrù títí wọn yóò fi dáhùn.