Sìgá Oníbátìrì Abẹ́ Ìrọ̀rí

Gbogbo ọ̀nà tí mo ti rìn ni ẹlẹ́rìí mi: ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, n ò fi ẹyọ irọ́ kan kún un. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹni tó ta sìgá oníbátìrì fún Oyèlẹ́yẹ kìlọ̀ fún un. "Ẹ̀gbọ́n, ṣájà tirẹ̀ ni kí ẹ lò, orí sìmẹ́ńtì ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì jókòó tì í."

Ṣùgbọ́n Oyèlẹ́yẹ ti búra fún ìyá rẹ̀ pé òun ò fa sìgá mọ́. Abẹ́ ìrọ̀rí ló fi í pamọ́ sí, ó ki ṣájà fóònù bọ̀ ọ́. Kò sí iná mànàmáná lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ló bá tan súìṣì sílẹ̀ dè é, ó yọ́ jáde lọ gẹ irun. Ìyá rẹ̀, tí kò lè dá rìn mọ́, ń sùn ní yàrá kejì.

Orí àga onígbàjámọ̀ ló wà tí iná mànàmáná fi dé. Gbogbo àdúgbò hó yè. Òun ní tirẹ̀ fò dìde, ó gba ọ̀nà ilé.

"Bọ̀dá, kílípà lẹ ń sá fún ni?" onígbàjámọ̀ ké tẹ̀ lé e.

Ó ń sáré, aṣọ onígbàjámọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí àwọn oníná tètè tún mú iná lọ. Èéfín ló kọ́kọ́ rí.

Múfútáù bíríkìlà, aládùúgbò wọn, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìyá náà.

"Mo gbé wọn jáde, èéfín ti pọ̀ nínú wọn. Wọ́n rò pé o wà ní yàrá ẹ. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, 'Lọ gbé ọmọ mi jáde.'"

"Kí ni wọ́n wí?"

"'Lọ gbé ọmọ mi jáde.'"