Apá Tí Kò Fẹ́ Dẹ̀

Ìbídùn, gbọ́ ìtàn kan. Ọkùnrin agégẹdú kan wà tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń fi ayùn kan ṣiṣẹ́. Ayùn náà gùn, ó ní èèkù níhìn-ín, ó ní èèkù lọ́hùn-ún, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan lọ́wọ́ àbúrò. N kò ní fa ìtàn náà gùn. Ó rẹ̀ ọ́, ó sì rẹ èmi náà, mo kàn ń fi àgbà bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Òfin kan ṣoṣo ni irú ayùn bẹ́ẹ̀ ní. Fífà ni a ń fà á, a kì í tì í. Bí ẹni ìhín bá ti fà, yóò dẹ ọwọ́ kí ẹni ọ̀hún lè fà tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá tì í, irin ayùn á tẹ̀, á sì há sínú igi. Kò sí agégẹdú tí kò mọ èyí. Ẹ̀gbọ́n náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ènìyàn a máa gbàgbé ohun tí ó mọ̀ nígbà tí ó bá rò pé òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n ń gé igi afàrà kan lẹ́bàá ọ̀nà odò. Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú àìsàn, ara rẹ̀ kò tíì le tán. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá ń fà, ó máa ń rí i bí àbúrò ṣe dẹ ọwọ́ lódìkejì igi, lójú tirẹ̀ ẹni tí ń sinmi ni. Kò rántí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun náà ń rí nígbà tí àbúrò bá ń fà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó tún ń tì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tì í,” ni àbúrò wí. “Ẹ jẹ́ kí n fà á.”

“Bí mo bá fi í sílẹ̀ fún ọ, ìgbà wo la máa gé e tán?”

Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó fẹ́ gba iṣẹ́ lára ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ni. Ìkà kọ́ ló ń pa irú wọn, inúure tí kì í béèrè ni.

Wọ́n dé àárín igi nígbà tí apá ẹ̀gbọ́n kọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ká, ìka rẹ̀ di èèkù mú, kò ṣe é ṣí. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé pajápajá lásán ni. Àbúrò ló ń ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè kúrò níbẹ̀. Igi náà dúró ní gígé ààbọ̀, ó dojú kọ ọ̀nà, òjò sì ń ṣú. Wọ́n ta màrìwò sọ́nà kí àwọn tí ń lọ pọnmi má baà gba abẹ́ rẹ̀.

Ìyá wọn ṣì wà láàyè. Ó gbé omi gbígbóná àti òrí wá, ó jókòó ti apá náà.

“Dẹ apá yìí.”

“Mo ti dẹ̀ ẹ́, ìyá mi.”

“O kò dẹ̀ ẹ́.” Ó tẹ iṣan iwájú apá, ó le gbandi. Ó tẹ ti ẹ̀yìn. “Ti iwájú yìí ló ń ká apá. Ti ẹ̀yìn yìí ló ń nà án. Kò sí iṣan kankan tó lè ti nǹkan, fífà nìkan ni Ọlọ́run fi mọ wọ́n. Bí ọ̀kan bá fà, ìkejì a dẹ̀ fún un. Ti iwájú ló kọ̀ tí kò dẹ̀. Ti ẹ̀yìn kò ya ọ̀lẹ. Kò ráyè ni.”

Ìyá wọn pe àbúrò.

“Wá gbé apá yìí fún un. Kí ó má fúnra rẹ̀ gbé e mọ́.”

Àbúrò tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ apá ẹ̀gbọ́n. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an kí apá náà tó wúwo, ìgbà tí ó sì wúwo ni ìyá wọn mọ̀ pé ó ti dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún. Ìrora wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ó ti rẹ òun tó ni.

Kí òjò tó dé, àbúrò mú ìbátan wọn kan, wọ́n padà sídìí igi. Ẹ̀gbọ́n jókòó sílé, ó fi aṣọ gbé apá kọ́rùn, ó sì gbọ́ bí igi náà ṣe wó láìsí òun níbẹ̀. Ó dùn ún díẹ̀, ara sì tù ú. Iṣan apá yẹn ti ya nínú. Ó padà ṣe é fi jẹun, kò ṣe é fi fa ayùn mọ́ láéláé.

Ìbídùn, ìwọ ló ń gbé ìyá rẹ dìde láàárọ̀, ìwọ ló ń bọ́ ọ, ìwọ ló ń jí sí i lóru. Àbúrò rẹ ọkùnrin po ẹ̀kọ, o ní ó ki jù. Ó fẹ́ gbé ìyá jókòó, o ní kò mọ̀ ọ́n gbé. Ó wá lọ jókòó sí gbàgede, o sì ń sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. O mọ òwe yẹn, o tilẹ̀ máa ń pa á fún àwọn ẹlòmíràn. Má sọ fún mi pé o ti dẹ ọwọ́. Mo ń wo èjìká rẹ láti ìgbà tí o ti jókòó.

Ọkàn tí ń lù láyà rẹ, iṣan ni òun náà. Kò gba ìsinmi ọjọ́ kan rí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti lù, a dẹ̀ díẹ̀ kí ó tó tún lù. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ráyè wọlé. Èyí tí ó bá kọ̀ láti dẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Dídúró ló máa ń dúró.

Nírọ̀lẹ́ yìí, jẹ́ kí àbúrò rẹ bọ́ ìyá yín. Kò ní ṣe é tó bí o ṣe ń ṣe é. Ẹ̀kọ á dà sílẹ̀. Má dìde. Nígbà tí mo wá gbàdúrà fún ìyá yín, ó fà mí mọ́ra, ó ń bi mí léèrè ohun tí ọmọ òun ọkùnrin ṣe, tí wọn kò fi jẹ́ kí ó fọwọ́ kan òun mọ́.