Èrè Tí Olóyè Kọ̀

Olóyè Ṣówándé, alága ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan l'Ábẹ́òkúta, kì í gba "rárá" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó pe Àdùnọlá, ọ̀gá àgbà tó ń mójú tó ìṣúná, ó ní kó fọwọ́ sí i pé àwọn jèrè lọ́dún tí wọ́n pàdánù, kí báǹkì lè yá àwọn lówó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa gba ilé rẹ̀ lọ. Àdùnọlá kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́, sà. Ó di ìpàdé àárọ̀ ọ̀la." Bó ti jáde báyìí, ó tẹ àwọn àgbà ẹbí Olóyè láago pé kí wọ́n wá gbọ́ bí ọdún ṣe rí, torí baba wọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, ó sì ti pàṣẹ kó tó kú pé ọdún tí èrè bá wọlé, ìdí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó kọ́kọ́ pín in. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Olóyè wọ yàrá ìpàdé, ó bá tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Àbúrò mi, ṣé èrè ti dé?" Àdùnọlá ṣí bírò rẹ̀. "Ẹnu Olóyè lẹ ó ti gbọ́ ọ, mà. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo máa fọwọ́ sí." Olóyè wo ìdí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, ó wò wọ́n bọ̀. "Èrè wo? Ta ló ní a jèrè? A pàdánù ni!" Àdùnọlá rọra kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú Olóyè. "Ó ku ọwọ́ tiyín, sà."