Òkété àti Igi Tó Ń Kọrin Létí Odò

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi gba etídò lọ, ó kí Àkèré nílé, ó wá jókòó sẹ́nu ihò Òkété. Ẹ sún mọ́ mi. Ègbè orin mi kò le. "Gbìrìn-gbírín!" ni ẹ ó máa wí.

Odò kan wà ní ìlú àwọn ẹranko, Ẹlẹ́jà lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ti gé gbogbo igi etí rẹ̀ dáná. Ilẹ̀ ibẹ̀ wá ń ya, ó ń ya, ó ń wọ́ lọ sínú omi. Àkèré ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Abẹ́ bèbè yẹn gan-an ni ilé rẹ̀ wà, òun àti ọmọ mẹ́sàn-án. Bí òjò ńlá bá rọ̀ tí kò sí gbòǹgbò tó di ilẹ̀ náà mú, ilé á di sàréè mọ́ wọn lórí.

Àwọn ẹranko dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Atúnbùdóṣe. Kò sówó níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìlú ló ń wá. Baba Àgbọ̀nrín ni alága. Wọ́n jókòó láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ṣètò: kálukú yóò mú kóró èso tó fẹ́ràn jù wá, wọn yóò gbìn ín sí bèbè odò, nítorí òjò kò ju oṣù méjì lọ mọ́.

"Ta ni yóò gbẹ́ ihò?" Baba Àgbọ̀nrín béèrè.

Òkété dìde. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, Baba. Èmi nìkan tó o."

Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ Òkété? Ìwọ tí ẹ̀yìn máa ń dùn ní gbogbo ọjọ́ ọ̀wẹ̀? Kí lo jẹ lónìí?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́, fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Àkèré ló ń dùn mí."

Omi lé sójú Àkèré. "O ṣé, ọmọ ìyá mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Òkété fi gbẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ihò ló gbẹ́. Ó tò wọ́n gbọọrọ, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àwọn ihò yẹn kò nísàlẹ̀! Òkété ti la ọ̀nà sábẹ́ gbogbo wọn, ọ̀nà náà sì já sí yàrá tó ń kó oúnjẹ sí.

Wọ́n wá gbìn. Baba Àgbọ̀nrín da ekùrọ́ sílẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ da kóró àgbálùmọ̀. Àkèré ju kóró iyeyè, ó tẹ́tí.

"Òkété, kí ló dé tí n kò gbọ́ kó balẹ̀?"

"Ó jìn ni, ìyá ọmọ mẹ́sàn-án. Ibi tó jìn ni gbòǹgbò ń fẹ́. Ẹ fi ewé bò ó. Kí ẹnikẹ́ni má sì débí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án o, kí ilẹ̀ lè sinmi."

Ẹnì kan ìbá bẹ̀rẹ̀ wo inú ihò kan ṣoṣo péré. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Òkété jù. Ojú ń tì wọ́n láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Òkété ń jẹ. Ó jẹ ekùrọ́, ó jẹ iyeyè, ó jẹ títí ikùn rẹ̀ fi kún ọ̀nà. Kò lè lọ sípàdé mọ́. Ó ránṣẹ́ pé ara òun kò yá.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Àkèré yẹ bèbè wò. Ewé kan kò yọ. Ó fò dé ilé alága.

"Baba, mo gbé o! Nǹkan kan kò hù!"

"Fara balẹ̀, Àkèré. Omi ló kù. Kí kálukú gbé akèrègbè omi kan wá láàárọ̀ ọ̀la."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Òkété ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí omi dé láti òkè. Ṣàá! Ẹrẹ̀ ya wọlé, ó dí ẹnu ọ̀nà. Òkété sáré kó kóró tó kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kó sí tòsì. Omi dé orúnkún rẹ̀. Ó fẹ́ kígbe, ojú tì í. Wọn ò ní ṣàìbi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ló bá fi ẹnu kíkún kọrin:

Igi tuntun ni mí o,
*Gbìrìn-gbírín!*
Omi tí ẹ bù ti tó mi,
*Gbìrìn-gbírín!*
Ẹ yáa máa relé yín o,
*Gbìrìn-gbírín!*

Orin náà dé etí wọn lókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Baba, igi wa ń kọrin!"

"Omi yìí mà ṣiṣẹ́ o!" Baba Àgbọ̀nrín wí. "Kò tíì hù, ó ti ń fọhùn!"

"Ṣùgbọ́n ó ní omi ti tó òun," Àkèré wí.

"Àlejò ni, ojú ló ń tì í," Baba dá a lóhùn. " Ṣé ìwọ náà kì í sọ pé o ti yó nílé onílé ni? Ẹ lọ pọn sí i!"

Wọ́n pọn sí i. Wọ́n dà á. Wọ́n tún pọn. Ìgbín nìkan ni kò tíì gbé ti àkọ́kọ́ dé. Omi dé àgbọ̀n Òkété.

Òkété ni mí, n kì í ṣigi,
*Gbìrìn-gbírín!*
Kóró yín ni mo kó jẹ o,
*Gbìrìn-gbírín!*
Àkèré, gbà mí, mo kú o,
*Gbìrìn-gbírín!*

Àkèré ló kọ́kọ́ bẹ́ sínú ihò. Ó lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti orí rẹ̀ sókè kúrò nínú omi, ó sì ń pariwo síta: "Ibí ni! Ẹ gbẹ́ ibí!" Wọ́n fi pátákò gbẹ́ ẹ, wọ́n fi èékánná gbẹ́ ẹ, wọ́n fà á jáde. Ó tutù rin-rin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí ọsàn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Igi."

Baba Àgbọ̀nrín kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ lé e kúrò nílùú!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba," Àkèré wí. "Gbogbo kóró tó kù fún èmi àtàwọn ọmọ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wà. Kó gbìn ín."

Wọ́n kọ́kọ́ di ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà pa. Òkété wá ń yọ kóró lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbìn ín, gbogbo wọn sì ń wò ó. Nígbà tíyẹn tán, ó lọ sígbó ọ̀nà jíjìn, ó tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó òmíràn wá. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yẹn. Kóró hù. Òjò dé, ó rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Bèbè kò yẹ̀. Àwọn ọmọ Àkèré ń ké lábẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété kò sì sún kì mọ́. Ó di àpò títí dòní. Bó bá rí kóró, yóò kó o síbẹ̀, yóò lọ rì í mọ́lẹ̀, nígbà mìíràn yóò sì gbàgbé ibi tó rì í sí. Igi tí ẹ bá rí nínú igbó tí ẹ kò mọ ẹni tó gbìn ín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Òkété.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ lé e, kí eyín mi má lè fọ́ ẹ̀pà lọ́la.