Ewé Tí Oyèékànmí Jù Sí Ààtàn

Ní abúlé Elérùwà, nígbà tí àwọn baba ńlá wa ṣì ń mu omi ọ̀gọ̀dọ̀, àgbẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Oyèékànmí. Kò sí ẹni tí ń kọ ebè bíi tirẹ̀. Ebè rẹ̀ a tò lọ gbọnrangandan, koríko kan kò sì gbọdọ̀ yọjú láàárín wọn. Ìmọ́tótó yìí kò mọ sí oko. Bí ó bá délé tí ilẹ̀ kò tíì ṣú, a tún gbé ọkọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a máa ro ó bí ẹni pé ilẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn ará abúlé a máa yìn ín lójú, wọn a sì máa fi í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, pé bí òbúkọ bá dúró pẹ́ níwájú rẹ̀, yóò ro irùngbọ̀n rẹ̀.

Inú agboolé kan náà ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé. Àwẹ̀ró ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ó mọ ìwà ìyàwó ilé í hù. Kò jẹ́ pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Agùntáṣọọ́lò ló ń pè é, nítorí ó ga, aṣọ sì máa ń yẹ ẹ́. Oyèékànmí náà kò pè é ní ohun mìíràn ju Ìyàwó wa lọ.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná Àwẹ̀ró ni ewé olúgànbe hù sí. Ènìyàn kì í fi í se ọbẹ̀, ewúrẹ́ pàápàá kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìyá Àwẹ̀ró ti kọ́ ọ pé òun ni ewé sobìà, aràn gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí í gba inú ara wá yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó tún kọ́ ọ pé a kì í já a bí olè. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò dúró, yóò ké sí i lórúkọ, yóò sọ ohun tó ń ṣe é, kó tó na ọwọ́. Bí Àwẹ̀ró bá ń ké báyìí, ẹ̀rín a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Oyèékànmí.

"Ìyàwó wa, ṣé ewé náà dáhùn?"

"Ó dáhùn, Agùntáṣọọ́lò. Ó ní kí n kí yín."

Lọ́jọ́ kan tí Àwẹ̀ró lọ sí ọjà, Oyèékànmí gbé ọkọ́, ó hú gbogbo olúgànbe náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì kó o dà sí ààtàn. Nígbà tí obìnrin náà dé tó rí ilẹ̀ gbalasa, ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí àbúrò ọkọ rẹ̀ ná, kó tó bínú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Agùntáṣọọ́lò. Bí sobìà bá wá dé ńkọ́?"

"N ó fà á yọ bí mo ṣe ń fa koríko! Àbí kí n dúró máa kí ewé, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró wọra. Ó ní, "Mo gbọ́. Mo fi ìyá mi búra, n kò ní í ké sí i nítorí yín láé. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹnu ara yín lẹ ó fi pè é."

Ẹ̀ẹ̀rùn mú. Odò gbẹ, ó ku ọ̀gọ̀dọ̀ nìkan, tí tọmọdé tàgbà ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ láti pọn omi mímu. Lóde òní a mọ̀ pé irú omi bẹ́ẹ̀ ni sobìà ń bá wọ ara; láyé ìgbà náà, àlejò ọdọọdún ni wọ́n kà á sí. Lọ́dún yẹn, ọrùn ẹsẹ̀ Oyèékànmí ló bá yọ. Ó kọ́kọ́ ń yún un, ó wá lé bí ibi tí iná jó, ó bẹ́, orí aràn funfun bí òwú sì yọ síta.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé sùúrù ni a fi ń bá sobìà lò. Wọn a wé orí rẹ̀ mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, wọn a máa yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi jáde tán. Ṣùgbọ́n òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú, àwọn ẹgbẹ́ Oyèékànmí sì ti ń ru èbù iṣu lọ sóko. Ẹ̀rù bà á pé iṣu tirẹ̀ yóò jẹrà sílé, tí ìyàwó àtọmọ kò ní í rí nǹkan jẹ. Ló bá di orí aràn náà mú, ó fà á tagbáratagbára. Aràn já, ìdajì kù sínú.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹsẹ̀ náà ti wú bí òpó. Alágbẹ̀dẹ fi abẹ gbígbóná là á, ó tún burú sí i. Wọ́n pe ẹni tí ń to eegun, òun ní eegun kọ́ ló ṣẹ́. Ojú ibẹ̀ ń ṣomi, ó ń rùn, ọkùnrin tí ń kọ ebè sì di ẹni tí ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀.

Àníkẹ́, ìyàwó rẹ̀, sáré tọ Àwẹ̀ró lọ. "Ìyáalé mi, ẹ dákun, ẹsẹ̀ yìí ti fẹ́ degbò. Bó bá degbò, wọn kò ní í rìn mọ́."

Omi lé ròrò sí Àwẹ̀ró lójú. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, inú tó ń bí i kò pa ìyẹn rẹ́. Ó ní, "Níbo la ó ti rí olúgànbe? Ṣebí Agùntáṣọọ́lò ló hú u."

Àníkẹ́ ní, "Ó wà lórí ààtàn. Ibi tí wọ́n jù ú sí, ó ti ta gbòǹgbò níbẹ̀."

Àwẹ̀ró nu ojú, ó ní, "Ẹ gbé ọkọ mi lọ síbẹ̀. N ó lọ ewé, n ó fi epo pò ó, n ó sì dì í mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ìyá mi búra. Àwọn fúnra wọn ni yóò ké sí i."

Lọ́sàn-án gangan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e lọ sí ààtàn. Àwọn ará abúlé tẹ̀ lé wọn, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ bó ṣe ń fi Àwẹ̀ró ṣe yẹ̀yẹ́. Olúgànbe náà tutù yọ̀yọ̀ láàárín èèpo iṣu àti eérú. Oyèékànmí wò ó, ojú tì í, ó wá pè é jẹ́jẹ́.

Àwẹ̀ró ní, "Kò gbọ́ o, Agùntáṣọọ́lò. Ẹ̀ ń pè é bí ìyàwó tuntun tó ń pe ìyá ọkọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Oyèékànmí wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ìrora gún un dé àyà, ló bá figbe ta. "Olúgànbe o! Olúgànbe! Èmi tí mo hú ọ ni mo ń ké sí ọ. Sobìà mi fẹ́ degbò. Jọ̀wọ́, gbà mí!"

Ẹ̀rín kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó já ewé.

Nígbà tó yá, wíwú ẹsẹ̀ náà rọlẹ̀, omi rẹ̀ gbẹ, ìyókù aràn sì yọrí. Lọ́tẹ̀ yìí, Oyèékànmí fi ìgbálẹ̀ wé e pẹ̀lú sùúrù títí ó fi jáde tán. Ó tún rìn, bó tilẹ̀ ń tiro díẹ̀. Ebè rẹ̀ ọdún náà kò pọ̀, wọ́n sì wọ́, Àwẹ̀ró nìkan ló sì láyà láti fi í ṣẹ̀fẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe lẹ́yìn ìkórè ni pé ó ṣọgbà yí olúgànbe orí ààtàn ká.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, aládùúgbò kan tí sobìà mú wọ́ ẹsẹ̀ wíwú wá bá a, ó ní kó bá òun ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ. Oyèékànmí ká ṣòkòtò sókè, ó fi àpá hàn án, ó sì nawọ́ sí ọgbà náà. Ó ní, "Lọ dúró níbẹ̀ yẹn. Kí o sì ké dáadáa o, kì í gbọ́ ti ẹni tí ojú ń tì."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gba ẹnu dé ẹnu, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé: bí sobìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí.