Ìnàkí Yínmú sí Òrí

Ààlọ́ o! Ẹ̀yin ọmọ tí ètè yín funfun báyìí, ẹ dá mi lóhùn: Ààlọ̀!

Ọyẹ́ mú gan-an. Òkété bu òrí fún Ìnàkí pé kó fi para. Ìnàkí yínmú: "Awọ tèmi kì í hun."

Ehoro pè é sídìí iná. Ìnàkí ní, "Arúgbó ló ń yáná."

Ẹtu ní, "Ẹ wo oòrùn nínú kùrukùru, ó pọ́n bí epo tuntun! Ọyẹ́ yìí á lọ." Ìnàkí la ẹnu gbàgà láti fi í rẹ́rìn-ín. Fàà! Ètè ya.

Ẹ gbè é:
Ta ló yínmú sí òrí?
Ìnàkí o!
Ètè ta ló ya?
Ìnàkí o!

Ó rọra jókòó sídìí iná, ó nawọ́ síná. Òkété fi òrí kùn ún létè. "Ó yá, ọ̀gá, ẹ parí ẹ̀rín yín."