Àdírẹ́sì Inú Abọ́ Ìkómọ

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Nígbà tí Adéwùmí bímọ ní Iléṣà, gbogbo ẹni tó fún ọmọ náà lórúkọ ló ń ju owó sínú abọ́. Láníyọnu, bàbá Adéwùmí, tó ti pín lẹ́tà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ju bébà kan sí i. Àdírẹ́sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó rà fún ọmọ náà ló kọ síbẹ̀: ibidun.ng.

"Àna mi, dọ́tíkọ́ọ̀mù layé ń ná o!" ni ìyá ọkọ Adéwùmí wí. "Ta ló fẹ́ èyí tó parí sí Nàìjíríà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ di ọjà. Àwọn èèyàn ń rà á pamọ́ bí ẹni ra ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lọ́fínńdà kan fẹ́ ra ti Ìbídùn, iye tí wọ́n dá lé e sì tó láti kan òrùlé tuntun sí ilé Láníyọnu tó ń jò.

"Ẹ tà á, Bàbá mi," ni Adéwùmí bẹ̀ ẹ́. "Ikọ́ tí òjò dá sí yín lára kò tíì lọ."

Ọkàn Láníyọnu pín sí méjì. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ìbídùn, ìwọ lo ni ín. Ṣé ká tà á?"

Ọmọ náà ronú. "Bàbá àgbà, bí lẹ́tà mi bá dé ibẹ̀, ta ni wọ́n máa fún?"

Láníyọnu kò fi lẹ́tà ẹnìkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ rí. Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé onílé wà nílé.

Nígbà tí òjò tún dé, Adéwùmí mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé abọ́ ìkómọ sábẹ́ ibi tó ń jò.